Ilẹ̀ Kékeré, Ojúde Ta Ni? Àyẹ̀wò Lámèyítọ́ lórí Ilé ‘Niamey 2000’

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìdílé àti ìṣesí wọn ni òwe náà ń tọ́ka sí, kì í ṣe bíríkì àti páànù. Síbẹ̀, ó ṣe é lò fún ilé tí a fi ọwọ́ kọ́ pẹ̀lú, nítorí pé ilé tí ó dúró lórí ilẹ̀ a máa sọ gbogbo ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn lórúkọ. A máa sọ ẹni tí í ṣe onílé, ẹni tí í ṣe àlejò, ẹni tí ó gbọ́dọ̀ dúró sí ẹnu ọ̀nà, àti ẹni tí a kò retí rárá. Níbi tí ilẹ̀ bá gbé fẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í le, nítorí pé àyè wà fún tolórí-tẹlẹ́mù. Níbi tí ilẹ̀ bá gbé kéré ni ó ti ń di ìdájọ́. Àyè tí a bá fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láti sùn sí, a ti gbà á lọ́wọ́ ìyá àgbà tí ìbá na ẹsẹ̀ síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ní Niamey, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Nìjẹ̀r, ìdájọ́ yìí kò ṣe é sá fún. Ìlú náà ń gbòòrò sí i lójoojúmọ́, ilẹ̀ sì ń wọ́n sí i. Ní ọdún 2016 ni àwọn ayàwòrán-ilé mẹ́rin kan tí wọ́n ń jẹ́ united4design parí iṣẹ́ kan níbẹ̀ tí wọ́n pè ní ‘Niamey 2000’. Mariam Kamara, ọmọ Nìjẹ̀r, wà nínú wọn. Yasaman Esmaili, Elizabeth Golden àti Philip Sträter ni àwọn mẹ́ta yòókù. Ilé mẹ́fà fún ìdílé mẹ́fà ni wọ́n kó jọ sójú kan. Bíríkì amọ̀ tí a kò sun nínú iná ni wọ́n fi mọ ògiri wọn, wọ́n sì gbé wọn sókè ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì dípò kí wọ́n tẹ́ wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ní ọdún 2022, iṣẹ́ náà wà nínú ogún iṣẹ́ tí a ṣà jọ kárí ayé fún Ẹ̀bùn Aga Khan fún ìmọ̀ ilé kíkọ́.

Amọ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ti kọ̀wé lórí ilé náà ń yìn. Ìyìn náà tọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe inú amọ̀ ni ẹ̀kọ́ tí ó jinlẹ̀ jù nínú iṣẹ́ náà wà. Ìjókòó kan wà tí a mọ mọ́ ara ògiri ìta ilé náà, tí ó kọjú sí ọ̀nà, tí ẹnikẹ́ni tí ń kọjá lọ lè jókòó lé. Ìjókòó yìí ni ó dáhùn ìbéèrè tí gbogbo ilẹ̀ kékeré ń bi ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé sí i, èyíinì ni pé: ta ni ó ni ojúde? Níbi ìjókòó kan náà ni àléébù iṣẹ́ náà ti hàn jù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ Méjì fún Ilé Kan

Ní ọdún 1926 ni ìjọba Faransé gbé olú-ìlú Nìjẹ̀r kúrò ní Zinder wá sí Niamey. Wọ́n ya ìlú náà sí ọ̀nà méjì. Orí òkè tí wọ́n pè ní Plateau jẹ́ ti àwọn òyìnbó, àwọn ọmọ ilẹ̀ ń gbé ní apá kejì, àfonífojì Gounti Yéna sì wà láàárín wọn. Wọ́n la ọ̀nà tààrà, wọ́n sì gé ilẹ̀ sí onígun mẹ́rin mẹ́rin. ‘Concession’ ni orúkọ tí èdè Faransé fún ilẹ̀ tí a fi ògiri yí ká báyìí, orúkọ náà ni àwọn ará ìlú sì ń pè é títí di òní bí wọ́n bá ń sọ Faransé. Ohun tí ìjọba yọ̀ǹda fún ènìyàn ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà láti ìpìlẹ̀. Èyí fi hàn pé inú ìwé ìjọba ni irú ilé bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá, agbo ilé. Agbo ni ibi tí ènìyàn péjọ yí ká: agbo eré, agbo ijó, agbo ọmọdé. Ọ̀rọ̀ yìí kò mẹ́nu ba ìwé, kò sì mẹ́nu ba ògiri. Àwọn ènìyàn ni ó fi bẹ̀rẹ̀, ilé wá tẹ̀ lé wọn. Ọ̀rọ̀ méjèèjì lè tọ́ka sí ibùgbé kan náà, tí ó ní ìyàrá méje àti kànga kan, ṣùgbọ́n ìlànà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ń pín ilẹ̀ kò dọ́gba. Ẹni tí ó bá fi ‘concession’ ronú yóò kọ́kọ́ mọ ògiri, yóò wá máa wá ibi tí ènìyàn yóò wọ̀. Ẹni tí ó bá fi agbo ilé ronú yóò kọ́kọ́ ka ènìyàn.

Àwọn Haúsá, tí èdè wọn gbilẹ̀ ní Niamey lẹ́gbẹ̀ẹ́ èdè Zarma, ní ètò tiwọn tí ó súnmọ́ ti Yorùbá. Ƙofar gida ni iwájú ilé. Zaure ni yàrá àbáwọlé, níbi tí baálé ti ń gba àlejò, tí àwọn ọkùnrin ti ń jókòó, tí ọmọ kéú ti ń kàwé. Cikin gida ni inú lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn obìnrin àti ọmọ wà. Dakali ni pèpéle amọ̀ tí a mọ sí ìdí ògiri fún ìjókòó. Yorùbá ní ojúde, ó ní ìloro, ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní àgbàlá, kí ó tó kan ìyàrá. Nínú àṣà méjèèjì, ènìyàn kì í ti ọ̀nà já sínú yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ìpele ni a fi ń wọlé, ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní irú ẹni tí ó lè dé ibẹ̀. Ọlọ́jà dé ojúde, ojúlùmọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìbátan dé àgbàlá.

Ìpele wọ̀nyí ni ó ń kú lórí ilẹ̀ kékeré. Ìkànìyàn ọdún 2012 fi hàn pé àwọn ará Niamey ti lé ní mílíọ̀nù kan. Bí èrò ṣe ń pọ̀ ni ilẹ̀ ń kéré, tí àwọn ajogún ń pín ilẹ̀ bàbá wọn sí wẹ́wẹ́. Ohun àkọ́kọ́ tí onílé máa ń gé kúrò ni zaure, nítorí pé kò jọ yàrá tí ènìyàn lè sùn tàbí èyí tí a lè fi háyà. Géètì onírin tí ọkọ̀ lè gbà kọjá wá gba ipò rẹ̀. Báyìí ni ẹnu ọ̀nà tí a dá fún ènìyàn ṣe di ẹnu ọ̀nà ọkọ̀, tí ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ rìn wá sì ń gba ihò kékeré tí a gé sára géètì wọlé.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó jẹ́rìí sí ohun tí ó sọnù yìí. Fada ni Haúsá ń pe ààfin, ibi tí ọba ti ń jókòó láàárín àwọn ìjòyè rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1990, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń mi ilẹ̀ Nìjẹ̀r, àwọn ọ̀dọ́kùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sí iwájú ilé, wọ́n ń se tíì, wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìlú. Àwùjọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní fada, ó sì ti gbilẹ̀ débi tí Adeline Masquelier, onímọ̀ nípa àṣà ẹ̀dá, fi odidi ìwé kan ṣe àlàyé rẹ̀ ní ọdún 2019. Ọ̀dọ́ tí kò tíì níṣẹ́, tí kò tíì lè fẹ́yàwó, tí kò ní yàrá tí í ṣe tirẹ̀, ni ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí ó sì pe ibẹ̀ ní ààfin. Àwàdà wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ilé tí ó yẹ kí ó fún un ní ìjókòó ti kọ ẹ̀yìn sí i.

Ìṣirò Ilẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ọkọ̀

Lámèyítọ́ tí ó bá fẹ́ dá ẹjọ́ ilé kò gbọ́dọ̀ sá fún ìṣirò. Kí a mú ilẹ̀ kan gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 15, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 20, tí ọ̀nà wà ní ìhà gúúsù rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 300. Kí a ní ilé tí onílé fẹ́ kọ́ gba 117 nínú rẹ̀: yàrá mẹ́ta, pálọ̀, ilé ìdáná, ilé ìwẹ̀ àti ìnípọn ògiri. Èyí tí ó ṣẹ́kù jẹ́ 183. Ẹni tí ó bá gbọ́ 183 yóò rò pé àyè ṣì pọ̀.

Bí ó bá gbé ilé náà sí àárín gbùngbùn, gẹ́gẹ́ bí àṣà ilé tí àwọn òyìnbó kọ́ sí Plateau, pẹ̀lú mítà 9 ní ìbú àti mítà 13 ní gígùn, ohun tí yóò ṣẹ́kù ní ọ̀tún àti òsì ni mítà 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, mítà 3 àti ààbọ̀ yóò sì kù níwájú àti lẹ́yìn. Mítà 183 náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó fẹ̀ ju mítà 3 àti ààbọ̀ lọ àfi ní igun. Ó ti di ọ̀nà tóóró yí ilé po. Kò sí ibi tí ènìyàn ogún lè jókòó sí bí ọmọ tuntun bá dé. Bí onílé bá wá gbé gáréèjì sí ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀gbẹ́ ilé kan yóò di ọ̀nà ọkọ̀. Ọ̀nà tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mítà 3 tí ó gùn tó mítà 14, àti gáréèjì tí ó jẹ́ mítà 3 sí mítà 6 ní òpin rẹ̀, jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 60. Ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ilẹ̀ nìyẹn, fún ohun tí kì í jẹun, tí kì í sì í kí ènìyàn.

Ọgbọ́n mìíràn wà tí kò ní í ná onílé ní bíríkì kan lé e. Kí ó fi ilé kan náà ti ògiri ìhà ìwọ̀-oòrùn láti iwájú dé ẹ̀yìn, kí ìbú rẹ̀ má sì tó mítà 6. Ohun tí yóò ṣẹ́kù yóò jẹ́ odidi kan: àgbàlá tí ó fẹ̀ tó mítà 9, tí ó sì gùn tó mítà 20. Ilẹ̀ náà kò pọ̀ sí i. Bí a ṣe tò ó ni ó sọ ọ́ di àgbàlá. Ní Niamey, tí ooru oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún a máa ju ìwọ̀n 40 lọ, ètò yìí ní èrè kejì. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ni ó le jù. Ògiri tí ó nípọn, tí kò ní fèrèsé, tí ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ni yóò gba gbogbo rẹ̀, òjìji ilé yóò sì ṣubú sínú àgbàlá ní àkókò tí àwọn ará ilé ń wá ibi tútù jókòó sí.

Ọkọ̀ ńkọ́? Ó yẹ kí a kíyè sí i pé ní ìlú Yorùbá, gáréèjì kò kọ́kọ́ jẹ́ yàrá ọkọ̀ lẹ́nu àwọn ènìyàn. Ibi tí ọkọ̀ èrò ti ń gbéra ni gáréèjì, ibi ariwo, ibi ìpàdé, ibi tí oúnjẹ tí à ń tà kò ti í wọ́n. Ìtumọ̀ yìí ní ọgbọ́n nínú fún ẹni tí ń ya àwòrán ilé. Bí a bá gbé ibi ìgbọ́kọ̀sí sí ẹ̀bá ọ̀nà gan-an, nínú igun àgbàlá, tí a fi òrùlé bò ó, tí a kò sì fi ìlẹ̀kùn tì í, mítà onígun mẹ́rin 18 péré ni yóò gbà dípò 60. Bí ọkọ̀ bá jáde ní òwúrọ̀, ibòji ni yóò kù síbẹ̀. Àlejò lè jókòó síbẹ̀, aránṣọ lè gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀ síbẹ̀, ọmọ ilé ìwé lè ṣe iṣẹ́ àmúrelé rẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí géètì lé lọ ti tún padà wá, ọkọ̀ ni ó sì ń sun ilé ọlọ́dẹ̀dẹ̀ ní alẹ́. Gáréèjì tí a mọ yí ká, tí a ti ìlẹ̀kùn rẹ̀, kò lè ṣe iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ‘Niamey 2000’ Ṣe

Ìṣirò òkè yìí jẹ́ ti ìdílé kan. Ìṣòro ìlú tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé bí ìdílé kọ̀ọ̀kan bá ní àgbàlá tirẹ̀ nílẹ̀ pẹrẹsẹ, ìlú kò ní í lópin, omi, iná àti ọ̀nà kò sì ní í lè bá a. Níbí ni àwọn ayàwòrán ‘Niamey 2000’ ti gbé ìgbésẹ̀ tí ó gba ìgboyà. Wọ́n wo Timbuktu, Kánò àti Zinder, àwọn ìlú tí ó ti wà kí òyìnbó tó dé. Nínú ìlú wọ̀nyí, ilé fẹ̀gbẹ́ kan ilé, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ní òkè. Ìdáhùn wọn sí ẹni tí ó bá sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kì í ṣe àṣà ilẹ̀ náà ni pé ilẹ̀ náà ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ètò ‘concession’ ni ó mú kí a gbàgbé rẹ̀.

Èkejì ni amọ̀. Sìmẹ́ńtì ti di àmì ọlá ní Niamey gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní Ìbàdàn, bẹ́ẹ̀ ni ògiri sìmẹ́ńtì tín-ín-rín a máa yára gbóná. Ògiri amọ̀ tí ó nípọn a máa fa ooru ọ̀sán mọ́ra díẹ̀díẹ̀, inú ilé a sì tutù títí ọjọ́ yóò fi rọ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà wà níbẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2023 títí di oṣù kejì ọdún 2024, nígbà tí ECOWAS fi òfin de Nìjẹ̀r lẹ́yìn ìfipágbàjọba, ẹrù tí ń ti èbúté Cotonou bọ̀ kò rí ọ̀nà wọlé. Ẹni tí ilé rẹ̀ gbára lé ohun tí ń ti òkèèrè bọ̀ mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Amọ̀ kì í kọjá ní ibodè.

Ẹ̀kẹta, tí ó sì ṣe kókó jù, ni ìjókòó ìta. Àwọn ayàwòrán náà mọ̀ nípa fada, wọ́n sì mọ̀ nípa pèpéle ìdí ògiri ti àtijọ́. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n ti fún ìdílé mẹ́fà pọ̀ sójú kan, tí wọ́n sì ti ń ṣọ́ gbogbo ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà lò, wọ́n yọ̀ǹda lára rẹ̀ fún ẹni tí kì í san owó ilé. Kò sí òfin tí ó fi ipá mú wọn. Ògiri gbalasa ni ìbá rọrùn jù, òun náà ni ìbá sì dá ọ̀pọ̀ onílé lójú pé ààbò wà. Dípò rẹ̀, ògiri náà tẹ̀ sínú díẹ̀, ó ní ìdí, ó ní ibòji, ó sì ń sọ fún ẹni tí ń kọjá pé kò di ọ̀tá nítorí pé ó jókòó. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, tí a fi bíríkì sọ.

Ibi tí Iṣẹ́ náà Kù Sí

Síbẹ̀, ìyìn nìkan kò tó fún iṣẹ́ tí ó fẹ́ jẹ́ àwòkọ́ṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ kan àwọn obìnrin. Fada jẹ́ agbo àwọn ọkùnrin lọ́pọ̀lọpọ̀. Nínú ètò ilé Haúsá, àgbàlá inú ni àwọn obìnrin fi ń ṣe ojúde tiwọn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gún nǹkan, tí wọ́n ti ń dirun, tí wọ́n ti ń gba aládùúgbò lálejò. Bí a bá gbé ilé sókè, tí a sì kó ìdílé mẹ́fà pọ̀, àgbàlá ni ó ń sún kì. Ìjókòó ìta dá ohun tí ọkùnrin sọ nù padà fún un, ṣùgbọ́n kò dá ti obìnrin padà. Ilé tí ó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo lórí ilẹ̀ kékeré gbọ́dọ̀ ní ìjókòó méjì: ọ̀kan ní ìta, ọ̀kan nínú, kí a sì wọn méjèèjì pẹ̀lú òṣùwọ̀n kan náà.

Ìbéèrè kejì kan oorun. Ògiri amọ̀ tí ó fa ooru mọ́ra ní ọ̀sán a máa tú u sílẹ̀ ní òru. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Niamey fi ń gbé ẹní àti ibùsùn jáde sí àgbàlá ní oṣù ooru. Nínú pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, orí òrùlé pẹrẹsẹ ni ó yẹ kí ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dúró lórí òrùlé a máa rí inú àgbàlá aládùúgbò. Ní ìlú tí ìbòjú àti àṣírí ilé ti ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀, òkè ilé ẹnì kan lè di ìjà àdúgbò. Àwọn ayàwòrán náà ṣọ́ra nípa àṣírí àwọn tí ń gbé inú ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Àṣírí àwọn tí ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ wọn ni ìbéèrè tí gbogbo ẹni tí yóò bá fi iṣẹ́ náà ṣe àwòkọ́ṣe yóò tún dáhùn fúnra rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta kan ìdàgbàsókè. Agbo ilé a máa gbèrú. Bí ọmọ bá fẹ́yàwó, a fi yàrá kan kún un. Bí àgbà bá kú, a tún ilẹ̀ pín. Ìwé Friedrich Schwerdtfeger tí ó jáde ní ọdún 1982, tí ó fi ilé Zaria, Ìbàdàn àti Marrakech wé ara wọn, wúlò fún ẹni tí ó bá fẹ́ rí bí agbo ṣe ń gbèrú tí ó sì ń pín. Ní Ìbàdàn, ọ̀pọ̀ agbo ilé ńlá ti fọ́ sí ilé kéékèèké tí ó dá dúró, nítorí pé olówó inú ẹbí fẹ́ orúlé tirẹ̀. Ilé mẹ́fà ‘Niamey 2000’ jẹ́ odidi láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó lẹ́wà bí orin tí a ti kọ parí. Ṣùgbọ́n ìdílé kì í parí. Níbo ni yàrá keje yóò wà nígbà tí àkọ́bí bá mú ìyàwó wá? Bí kò bá sí ìdáhùn, ọmọ náà yóò jáde lọ ra ilẹ̀ kékeré mìíràn ní ìpẹ̀kun ìlú, ìṣòro tí ilé náà fẹ́ yanjú yóò sì bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun.

Ìkẹrin kan ọwọ́ tí yóò máa tún un ṣe. Ní oṣù kẹjọ sí ìkẹsàn-án ọdún 2020, Odò Ọya kún bo apá kan Niamey, ọ̀pọ̀ ilé amọ̀ sì wó. Kì í ṣe amọ̀ ni ó jẹ̀bi. Ibi tí a kọ́ ọ sí, ìpìlẹ̀ tí a kò gbé sókè, àti àìrẹ́ ẹ ní ọdọọdún ni ó ń bi í wó. Falké Barmou, mọlémọlé tí ó kọ́ mọ́sáláásí Yaama tí ó gba Ẹ̀bùn Aga Khan ní ọdún 1986, fi hàn pé ìmọ̀ náà wà lọ́wọ́ àwọn ará abúlé Nìjẹ̀r kí ó tó dé inú ìwé àwọn ayàwòrán. Ilé amọ̀ nílò mọlémọlé nítòsí bí ọ̀rọ̀ ṣe nílò ẹni tí ń sọ ọ́. Bí àwòkọ́ṣe náà bá tàn kálẹ̀ láìjẹ́ pé iṣẹ́ náà ń tàn láti ọwọ́ mọlémọlé kan dé ọwọ́ òmíràn, ẹ̀wà rẹ̀ yóò dúró sórí bébà.

Ìkádìí

Àléébù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí kò ba ohun tí ‘Niamey 2000’ fi múlẹ̀ jẹ́. Ó fi hàn pé ilẹ̀ tí ó kéré kì í ṣe àwáwí fún ilé tí ó kọ ẹ̀yìn sí ènìyàn. Onílé tí ó ní mítà onígun mẹ́rin 300, ì báà jẹ́ ní Niamey, ì báà jẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń kọ́kọ́ béèrè ibi tí ọkọ̀ yóò gbà wọlé, lẹ́yìn náà iye yàrá, ní ìkẹyìn bí àyè bá kù, ibi ìjókòó. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ yìí ni pé kí a yí i padà: kí a kọ́kọ́ ya ibi tí àlejò àti ará ilé yóò jókòó sí, ní ìta àti nínú, kí yàrá tẹ̀ lé e, kí ọkọ̀ sì gba ohun tí ó bá kù, lábẹ́ òrùlé tí kò ní ìlẹ̀kùn.

Ọ̀ràn náà kan àwọn olùkọ́ èdè ju bí ó ti lè dà bí ẹni pé ó rí lọ. Ìloro, ọ̀dẹ̀dẹ̀, àkòdì, àgbàlá, gbàgede, ẹ̀yìnkùlé: gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wà nínú ìwé kíkà, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó dàgbà nínú fúláàtì tí ó ti ẹnu ìlẹ̀kùn já sí pálọ̀ kò ní ibi tí yóò gbé wọn kà. Olùkọ́ lè kọ ìtumọ̀ wọn sí ojú pátákó, ọmọ náà yóò sì há wọn sórí títí di ọjọ́ ìdánwò. Zaure ń kú lẹ́nu àwọn ọmọ Niamey ní ọ̀nà kan náà. Fada ni ó sá jáde láti inú ààfin, tí ó rí ìjókòó sí ẹ̀bá ọ̀nà, tí ó sì yè. Ọ̀rọ̀ tí ó bá rí ibi jókòó kì í tètè kú, ilé tí a kò tíì fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀ sì ni ibi tí ó rọrùn jù láti fún un ní ìjókòó.